Ìgbọ̀nwọ́ Màmá

Ọ̀nàfúwà, fi òòlù yẹn sílẹ̀ ná.
Ògiri kì í sá.
Kó o tó wó o, jẹ́ ká bi í léèrè
ohun tójú rẹ̀ ti rí láti ọdún mọ́kàndínlógójì.

Ọdún tí wọ́n bí mi ni wọ́n kọ́ ilé ìdáná yìí,
ní Ìṣarà níbí, lẹ́yìn ọgbà kòkó àwọn Ọdúnúga.
Bàbá mi ló dúró tí bíríkìlà fi wọ̀n ọ́n.
Wọ́n gbé okùn dé abẹ́ àyà rẹ̀,
wọ́n ní, "Ibí yìí ni ká da símẹ́ǹtì dé."
Bàbá mi ga bí òpó iná.
Kò sì fọwọ́ kan ọmọrogùn rí títí ó fi kú.
Efúnkẹ́mi ìyá mi, tí orí rẹ̀ kò ju ẹnu fèrèsé lọ,
ló wá ń gun àpótí rin ewùrà
fún ìkọ́kọrẹ́ wa, Sátidé lórí Sátidé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti pààrọ̀ àpótí.
Èjìká ò ṣe é pààrọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ táìlì ò tíì kàn.
(Èyí tó ń dán tó o gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Òde,
Màmá ta epo díẹ̀ sí i, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò.
"Èyí á pa mí," ló wí.
Dá a padà fún wọn.)

Màmá, ẹ bọ́ sáàrin yàrá.
Ẹ ṣe bí ẹni tó ń se ọbẹ̀.
"Nínú òfìfo?"
Nínú òfìfo, Màmá.
Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣáà ṣe é:
ó bu omi tí kò sí, ó yí,
ó gé àlùbọ́sà tí kò sí, ó nu ojú.
Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mò ń fa ilà tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀.
Láti ibi omi dé ibi iná, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá!
Ta ló ń ru omi gbígbóná rìn tó bẹ́ẹ̀?
Sì wò ó, òsì ló ń yí sí.
Kọ ọ́ sílẹ̀: olówó òsì ni.
Apá òsì ni kí síńkì wà, kí sítóòfù sún mọ́ ọn,
ṣùgbọ́n kí ihò iná mànàmáná jìnnà sí omi.

Ìta ni sìlíńdà gáàsì máa gbé, lábẹ́ ìbòji.
Má sì fọwọ́ kan ààrò ẹ̀yìnkùlé.
Màmá ní gáàsì a máa tán lọ́jọ́ àlejò,
igi kì í tán.
Ilẹ̀kùn, jẹ́ kó fẹ̀.
Fìrísà tí Dìméjì rà ní Ṣàgámù,
ọjọ́ mẹ́ta ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí olè tí wọ́n mú,
àfìgbà tí a yọ férémù.

O ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́.
Èmi ti ka márùn-ún,
mo sì ti bá ìyàwó Ọ̀ṣìfẹ̀sọ̀ sọ ọ́
pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó ti máa dáná.

Ó yá, gbé téèpù.
Màmá, ẹ ká apá kò.
Láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, mélòó?
"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta."
Yọ ínǹṣì mẹ́ta: ẹni tó ń rin ewùrà,
òkè ló ti ń rí agbára.
"Ẹ dúró," Màmá ní, "ẹ jẹ́ n wọ sálúbàtà mi.
Ilẹ̀ ibí tutù, mi ò lè bọ́ ọ."
A tún un wọ̀n.

Ọ̀nàfúwà wo ilà tó fà sára ògiri,
ó wò mí láti òkè délẹ̀.
"Ìwọ tó o jọ bàbá ẹ ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀la?"

Fà á síbẹ̀.
Èmi náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ba.